Bí "O" Ṣe Di "Ẹ" Nínú Ewì Mi

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà tí mo fi í joyè. Kò sí afọbajẹ kankan níbẹ̀, àfi èmi, bàsíà omi ọṣẹ kan, àti òkìtì nápì tó ń dúró dè mí. Mo ti wẹ̀ ẹ́ tán, mo ti fi páúdà sí i lọ́rùn, mo ti wọ aṣọ funfun tí ìyá ọkọ mi rà fún un sí i lọ́rùn, mo wá gbé e lé ẹsẹ̀ kí n lè wo ẹwà rẹ̀. Ló bá tọ̀. Ó tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó tọ̀ sí aṣọ funfun, ó tọ̀ sórí ẹní, ó wá gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Mo ní, "Kábíyèsí! Ta ni yóò bi ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín méjì péré ló ní nígbà náà, ó sì fi méjèèjì hàn mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Kábíyèsí. Obìnrin ni o, ṣùgbọ́n oyè náà bá a mu. Bó bá fẹ́ jẹun, a kì í sọ fún un pé kò tíì tó àkókò. Bó bá fẹ́ sùn, gbogbo ilé á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Bó bá sọ ṣíbí nù, ìránṣẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, á mú un, á ṣàn án, á tún fi lé e lọ́wọ́, kó lè rí nǹkan sọ nù. Èmi ni ìránṣẹ́ ọ̀hún.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé yàrá kejì nínú ilé wa ní Ìrémọ ní Ifẹ̀, kò fẹ́ràn orúkọ náà rárá.

"Ìyàwó," wọ́n á ní, "ọba wà láyé o. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ò ń pe ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó dáadáa ní Kábíyèsí, kí lo máa wí?"

"Màámi, mo máa ní kí wọ́n wá bá mi gbé e fún wákàtí kan."

"Ẹnu rẹ!" Wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹjọ́ ẹnu mi ti wà nílẹ̀ kí n tó bímọ. Ọmọ Èkìtì ni mí. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, "o" la ń sọ fún gbogbo ènìyàn: fún bàbá, fún ìyá, fún ìyá àgbà, fún Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó bínú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá àwọn náà sọ̀rọ̀ nígbà èwe. Ìgbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni olùkọ́ wa fi pàṣán là mí lóye pé "ẹ" là ń sọ fún àgbà. Mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí inú mi bá dùn jù, tàbí bí ẹ̀rù bá bà mí, ẹnu mi a máa gbàgbé gbogbo ohun tí pàṣán kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi mú mi wá fi han ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Màámi, ṣé o wà dáadáa?" Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní, "Orúnkún rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?" Ó ti di ọdún kẹta nígbà tí mò ń wí yìí, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún àlejò.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì. Òun ló mú ìwé pélébé kan wálé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ọba ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ torí pé n kò fẹ́ wàhálà lẹ́ẹ̀kejì, a máa fúnni ní ẹ̀bùn ewì lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́, lórí ohunkóhun, bó bá ṣáà ti jẹ́ Yorùbá, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀bùn náà kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe ilẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan ṣoṣo ni, tí ọba fúnra wọn máa ń so mọ́ akéwì lọ́rùn ọwọ́ lójú gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n àǹfààní tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló ń mú kí àgbẹ̀ àti olùkọ́ yunifásítì máa jọ du ú. Ní ààfin náà, èèyàn kì í lanu níwájú ọba àfi bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀. Ìjòyè á dúró, ọ̀gá ọlọ́pàá á dúró, alága káńsù á dúró. Ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀ ewì mọ́wọ́ nìkan ni kì í dúró. Fún odidi ọdún kan, ó lè wọlé lọ́jọ́ ìpàdé, kó dìde, kó fi ewì sọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ní kó dákẹ́. Ọkọ mi ní wọ́n sọ fún òun pé ọba kan láyé àtijọ́ ló dá a sílẹ̀, nítorí pé gbogbo àwọn tó yí i ká ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" títí ó fi sú u.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tí yóò ní kó dákẹ́!

Ẹ gbọ́ tèmi ná. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi bá wá sílé, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé àti ayé, tí mo bá dá sí i, ẹnì kan á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ìyàwó wa, ọbẹ̀ yìí mà dùn o." Bí mo bá ń bá ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀, mo ní láti kọ́kọ́ wá "ẹ" mi rí kí n tó lanu. Ọmọ tí mo bí pàápàá, bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló ń kì bọ̀ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bí aboyún ṣe ń fẹ́ nǹkan kíkan.

"Dádì," mo sọ fún ọkọ mi, "mo máa kọ ọ́."

"Kọ kí ni?"

"Ewì."

Ó wo okùn tí mo sá nápì sí, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. "Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí Kábíyèsí bá fún mi láyè."

Ìyá rẹ̀ dáhùn láti inú yàrá, "Ewì kẹ̀! Kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn."

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́, lẹ́yìn káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ní ọsibítù. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa Ifẹ̀, nípa ìgbà ìwáṣẹ̀ àti àwọn nǹkan ńláńlá, ṣùgbọ́n n kò mọ nǹkan ńlá kankan lọ́dún yẹn ju ẹni tó wà lórí ẹsẹ̀ mi lọ. Òun ni mo kọ ewì sí. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Kábíyèsí inú ilé mi,
o kò ládé, o kò ní bàtà,
irun mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ.
O sunkún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé dìde.
O jẹun yó, o da ìyókù sí mi láyà.
O tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, o wò mí lójú.
Ta ni yóò bi ọ́?
Èmi náà ni mo tún nu ilẹ̀.

Ó lọ báyìí títí dé ìsàlẹ̀ káàdì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ yin ara mi, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kà á tán, mo sunkún, ọmọ náà sì bá mi sun ún.

Òfin wọn ni pé wọn kò gba ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. A gbọ́dọ̀ taipu rẹ̀. Bàbá kan wà ní Lágere nígbà náà tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Taipu. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, Yorùbá wọn sì mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹ̀rọ wọn kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí náà bí wọ́n bá taipu ọ̀rọ̀ tán, wọ́n á mú báírò, wọ́n á fi àmì sórí, wọ́n á fi àmì sábẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ran aṣọ.

Wọ́n gba káàdì náà, wọ́n ti gíláàsì wọn sókè, wọ́n ka ìlà bíi mẹ́ta. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Èkìtì, sà."

"Hẹ̀ẹ́ẹ̀n," wọ́n ní. Ó gùn. N kò mọ ohun tí wọ́n fi hẹ́ẹ̀n yẹn ṣe àfi lẹ́yìn oṣù kan.

Ọjọ́ kejì tí mo padà lọ ni ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìwé kẹ́yìn. Bàbá Taipu na ewì náà sí mi, ojú ìwé kan gbáko, ó mọ́, ó dára. Kí n tó gbà á, Kábíyèsí ti na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi, ó ti fa igun kan ìwé náà, ó ti kì í bọnu.

"Di ọwọ́ ọmọ yìí mú! Ìwé ààfin kì í ṣe ohun jíjẹ!" Bàbá gba ìwé náà, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú àpò ìwé, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa kí ẹnikẹ́ni má tún fi itọ́ kàn án. Báyìí ni n kò ṣe ka ohun tí mo fi ránṣẹ́. Ọkọ mi gbé e lọ sí ààfin ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́tà dé. Wọ́n ti yan ewì mẹ́ta, tèmi wà níbẹ̀. Kí n wá kà á níwájú ọba ní ọjọ́ Sátidé, "gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà." Wọ́n fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Mo jó láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi ní kí n tún lẹ́tà náà kà, wọ́n ní kí n fi ibi tí orúkọ mi wà hàn wọ́n, wọ́n sì jáde lọ bá àwọn aládùúgbò. Mo gbọ́ ohùn wọn lójú fèrèsé: "Ìyàwó mi ni. Ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé."

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Taipu. Mo ru ọsàn díẹ̀ lọ bá wọn.

"Mo mọ̀," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe ń bó ọsàn. "Mo mọ̀ pé wọ́n máa mú un. Látìgbà tí mo ti bá ọ tún un ṣe."

"Tún kí ni ṣe, sà?"

"Kò sí ohun tó ṣe ewì rẹ. Ẹ̀kọ́ ilé ló kù díẹ̀. Ò ń bá Kábíyèsí wí, ò ń sọ pé 'o, o, o', bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ ṣeré. Mo ní, áà, ọmọ Èkìtì! Wọ́n á lé ọmọ yìí jáde láàfin. Mo bá ọ fi 'ẹ' sí gbogbo rẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni, mo kà á."

Wọ́n fa ẹ̀dà kábọ̀n jáde nínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, inú wọn ń dùn. Mo kà á ní ìdúró:

Kábíyèsí inú ààfin,
ẹ kò ládé, ẹ kò ní bàtà,
irun mẹ́ta péré ló wà lórí yín.
Ẹ sunkún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé dìde.
Ẹ jẹun yó, ẹ da ìyókù sí mi láyà.
Ẹ tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ẹ wò mí lójú.
Ta ni yóò bi yín?

Mo wá ibi jókòó.

"Bàbá, kí ló dé tí 'inú ilé mi' fi di 'inú ààfin'?"

"Ṣé ilé rẹ ni ọba ń gbé ni?"

"Bàbá, ọmọ mi ni."

"Ta ni ọmọ rẹ?"

"Kábíyèsí."

Wọ́n yíjú wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ó ti rí awẹ́ ọsàn kan gbà, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Èyí?"

"Òun ni, sà."

Bàbá Taipu bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n gba ẹ̀dà náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ètè wọn ń mì. Ìgbà tí wọ́n dé ibi irun mẹ́ta, ọwọ́ wọn lọ sí orí ara wọn, tí kò ní ìkankan.

"Yéè," wọ́n ní.

"Ìgbà tí ẹ ń taipu rẹ̀ ńkọ́, sà? Kí lẹ rò?"

"Ojú taipu ni mo fi kà á! Mo rò pé ìjìnlẹ̀ ni. Ẹ̀yin akéwì, ta ló mọ ohun tí ẹ ń sọ?"

Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ìyá ọkọ mi, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ẹ̀rín náà dúró lójijì.

"Ìyàwó. Ṣé ọba yẹn pá lórí ni?"

Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. Ta ló mọ̀? Adé ni à ń rí.

"Bó bá pá," wọ́n ní, "tiwa ti bá wa. Wọn ò pè ọ́ wá kéwì, wọ́n pè ọ́ wá jẹ́jọ́ ni."

Ọkọ mi ní kí á kọ lẹ́tà pé ibà ń ṣe mí. Mo ní ibà kankan kò ṣe mí. Ó ní kí n bẹ àwọn ìgbìmọ̀ kí n yí i padà. Mo fi ìlà tí wọ́n fà sínú lẹ́tà hàn án: láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Bí mo bá yí i, mo ti jáde nínú ìdíje. Bí mo bá kà á bó ṣe wà, màá dúró níwájú ọba, màá sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé wọ́n tọ̀ sí mi lára. Bí n kò bá sì lọ, ìlẹ̀kẹ̀ lọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn, iyọ̀ pọ̀ nínú gbogbo ọbẹ̀ tí mo sè.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ló bá mi lọ láti máa gbé ọmọ. Wọ́n wọ àrán. Mo bi wọ́n pé àrán kẹ̀ lójú oòrùn yìí, wọ́n ní bí wọ́n bá máa tì wá mọ́lé, wọn ò ní bá àwọn ní àkísà.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, olùkọ́ yunifásítì kan tó wọ dàńṣíkí, ló pàdé wa lẹ́nu géètì. Ó wo lẹ́tà mi, ó wò mí, ó tún wo lẹ́tà.

"Ìwọ lo kọ ọ́? Ìwọ yìí? A rò pé àgbà ọkùnrin kan ni, tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí." Ó fà mí sí abẹ́ igi kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìgboyà rẹ pọ̀. Àwọn sójà tó ń ṣèjọba lé wa lórí yìí! 'Ẹ jẹun yó, ẹ da ìyókù sí mi láyà.' Bí ìjọba ṣe ń ṣe wá gan-an nìyẹn. 'Ẹ kò ládé': kò sí ẹni tó dìbò yàn wọ́n! Àti irun mẹ́ta yẹn, mo tètè rí i. Ilẹ̀, omi, òfúrufú. Ẹ̀ka ológun mẹ́ta! Àbí?"

Ìyá ọkọ mi ń wò mí. Mo ń wo ilẹ̀.

"Ẹnì kan nínú wa ní ìwọ̀sí ni sí Kábíyèsí wa," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo ní rárá, ó fi orúkọ ọba bo sójà mọ́lẹ̀ ni. Wákàtí méjì la fi jiyàn. Gbọ́, kà á bó ṣe wà. Má fi nǹkan kan kún un, má yọ nǹkan kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

Màá sọ òtítọ́: ó wù mí. Gbogbo ohun tí mo nílò ni kí n dákẹ́, kí n ka ohun tó wà nínú ìwé, kí wọ́n sì máa pè mí ní akọni. Lẹ́yìn ìyẹn, odidi ọdún kan tí ẹnu mi á fi wà ní tèmi. Mo wo ọmọ náà lẹ́yìn ìyá ọkọ mi. Ó ń jẹ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Wọ́n ti sọ ọ́ di sójà, kò sì mọ̀.

Àgbàlá ààfin kún. Àgbẹ̀ kókò kan ló kọ́kọ́ kéwì, bàbá arúgbó, lórí òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Olùkọ́ kan tẹ̀ lé e. Wọ́n wá pe orúkọ mi. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Ọba wà lórí àga, adé wà lórí wọn, ìlẹ̀kẹ̀ adé bo ojú wọn díẹ̀. Mo ṣí ìwé náà. Ẹ̀rù bà mí dé ọmọ ìka.

Ì bá wù mí kí n lè sọ pé mo ti pinnu. N kò pinnu nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹnu mi sì gba ọ̀nà Èkìtì lọ.

"Kábíyèsí inú ilé mi," mo ní, "o kò ládé, o kò ní bàtà..."

"Háà!" gbogbo àgbàlá ní. Ìjòyè kan dìde dúró. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ó sọ 'o' fún ọba!" Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Láàárín ariwo yẹn ni ọmọ mi gbọ́ ohùn mi, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn ìyá ọkọ mi, igbe tó la àgbàlá já. N kò bi ẹnikẹ́ni, mo sáré lọ gbà á, mo gbé e dání wá síwájú ọba, mo kúnlẹ̀.

"Òun ni mò ń bá wí, Kábíyèsí. Òun ni Kábíyèsí. Kì í ṣe ẹ̀yin Kábíyèsí, Kábíyèsí. Èyí ni, kékeré, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ 'o', ẹni tó bá mi taipu ló fi 'ẹ' sí i, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún yín."

Ọba fà síwájú lórí àga.

"Obìnrin ni Kábíyèsí ọ̀hún?"

"Obìnrin ni, Kábíyèsí."

"Kà á lọ."

Mo kà á. Mo kà á fún ẹni tí mo kọ ọ́ fún, ojú mi wà lójú rẹ̀, ó ń fa ìwé náà, mo ń gbà á padà. Ìgbà tí mo ní irun mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ, ohùn kan wá láti abẹ́ adé: "Ó sàn ju tèmi lọ."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi, tó ti tẹ̀ lé ọmọ wá síwájú, fún mi ní ìgbọ̀nwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ó pá! Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Nígbà tí mo kà á tán, ọba wo ọmọ náà.

"Èmi náà tọ̀ sí ìyá mi lára rí," wọ́n ní. "Kò sí ẹni tó máa ń sọ ọ́ fún mi mọ́. Ìyá mi kò mọ̀wé. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀, bóyá irú èyí ni ì bá kọ." Wọ́n nawọ́ sí ọmọ náà. Ó di ìka wọn kan mú, ó sì kì í bọnu.

Bàbá àgbẹ̀ ni wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Òfin ni òfin: mo yí ọ̀rọ̀ padà, mọ́kàndínlógún. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ògiri, n kò ní purọ́.

Ìyá ọkọ mi wá bá mi níbẹ̀. "O sọ 'o' fún ọba lójú gbogbo ìlú," wọ́n ní, "orí rẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ. Kí lo tún ń wá? Gba ọmọ rẹ, ó ti tọ̀ sí àrán mi."

Ọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ewì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ inú ìwé ńlá ààfin, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, wọ́n sì ní kí tèmi wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an. Akọ̀wé gbé ìwé náà wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣì dùn ún pé kì í ṣe sójà. "Irun lásán," ó ń sọ lábẹ́lẹ̀, "irun orí lásán." Ó fún mi ní báírò.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fa igi lórí "inú ààfin," mo kọ "inú ilé mi." Mo ń fagi lé "ẹ" lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ "o" sí i lórí, ọmọ náà sì ń fa báírò, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rí bí ẹyin tó fọ́. Mo dé ìlà tó kẹ́yìn. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ láti ilé ni "Jọ̀wọ́, má tètè dàgbà." Bàbá Taipu ti sọ ọ́ di "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè dàgbà."

Mo fagi lé ìkejì. Mo gbé báírò sókè láti fagi lé ti "jọ̀wọ́." Mo wo ọmọ náà. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lélẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó dìde dúró, nǹkan tí kò ṣe rí. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tún jókòó pọ̀.

Mo pa ìwé náà dé, mo dá báírò padà.

Akọ̀wé ṣí i, ó fi ìka kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Méjìdínlógún," ó ní. "O gbàgbé ọ̀kan."

"N kò gbàgbé, sà."